Kànga Tí Kò Ní Alágbàtọ́: Bí Àwọn Ará Àdúgbò Ṣe Lè Máa Ṣàkóso Omi Ara Wọn



Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó sàárà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa ló máa ń sọ pé kí á fi gbẹ́ kànga tàbí bọ́họ́ọ̀lù. Kí Ọlọ́run gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ yín. Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Mùsùlùmí tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ọlá tó wà nínú fífún èèyàn lómi mu. Gbogbo wa la mọ ìtàn Saidina Uthman, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, tó fi owó ara rẹ̀ ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò ni èyí tó ń tẹ̀lé gbígbẹ́ kànga. Nígbà tí ẹni tó gbẹ́ ẹ bá ti lọ tán, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Àwa tí a ń ṣètọ́jú ọmọ òrukàn mọ̀ pé aṣọ ọdún nìkan kò tó ọmọ títọ́. Ọmọ náà nílò alágbàtọ́ tí yóò mọ̀ bóyá ó jẹun lánàá, tí yóò sì mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kànga rí. Ní ọdún 2009, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi ìgbèríko kó àkọsílẹ̀ jọ láti nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú pọ́ǹpù mẹ́ta-mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, ó lé ní ẹyọ kan tí kò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ló san owó gbogbo wọn. Orúkọ ẹlòmíràn nínú wọn ṣì wà lára sìmẹ́ńtì títí di òní, ṣùgbọ́n omi kò sí ńbẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà méjì tí à ń gbà ṣàkóso omi

Ọ̀nà kan ni ti ìsédò ńlá. Ìjọba yóò sé odò, wọn yóò fọ omi mọ́, wọn yóò sì fi páìpù gbé e dé ilé àwọn èèyàn. Bí odò Àṣẹ́jìrẹ́ àti Ẹlẹ́yẹlé ṣe ń fún ìlú Ìbàdàn lómi nìyẹn. Ọ̀nà yìí dára, kò sì sí ìlú ńlá tó lè ṣe é tì. Àmọ́ gbogbo ẹyin ló wà nínú agbọ̀n kan. Bí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí páìpù ńlá kan bá bẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni kò ní rí omi lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò lè ṣe sí i ju kí wọ́n máa dúró lọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí omi wà káàkiri ní kékeré-kékeré: kànga níhìn-ín, bọ́họ́ọ̀lù lọ́hùn-ún, táńkì omi òjò lẹ́yìn mọ́sálásí, adágún omi lóko. Kí olúkúlùkù wọn sì ní àwọn tó ń mójú tó o, òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀, àti àpò owó tirẹ̀. Èyí tí ó bá bàjẹ́ kò ní kó àwọn yòókù mọ́ra. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìjọba káwọ́ lẹ́rán. Yíyẹ omi wò bóyá ó dára fún mímu, títún ohun tó bá kọjá agbára àdúgbò ṣe, àti dídáàbò bo odò, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni kí ó mọ ibi tí okùn àti dòrò wà.

Ìyípadà ojú ọjọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di kíákíá. Òjò ń pẹ́ kí ó tó dé, bí ó bá sì dé, ó lè rọ̀ lọ́jọ́ kan bíi ẹni pé ó fẹ́ san gbèsè oṣù kan. Ẹ kò ní gbàgbé òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn, tí àgbàrá rẹ̀ gbé afárá àti ilé lọ, tí ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Kí á sì wo Ìbàdàn kan náà nígbà ọyẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ni ọmọdé àti àgbà ń gbé kiri, dòrò ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Omi kò wọ́n ní ọdún náà látòkèdélẹ̀. Ó kọjá lọ ni, nítorí pé kò sí ibi tí a ti dá a dúró.

Ohun tí àwọn ará Oman ṣe

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí òjò wọn kò tó nǹkan rárá. Ní orílẹ̀-èdè Oman, ní ìwọ̀n-ìpíndọ́gba, òjò ọdún kan kò ju nǹkan bíi mílímítà 100 lọ, nígbà tí ti Ìbàdàn ń kọjá 1,200. Síbẹ̀ oko dàbínù wọn ń so láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Ohun tó ń gbé wọn ró ni ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní falaj. Wọn yóò gbẹ́ kànga kan sí ẹsẹ̀ òkè níbi tí omi wà nínú ilẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìyá falaj. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀, tí yóò máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí tí omi yóò fi yọ síta ní abúlé, nígbà mìíràn lẹ́yìn kìlómítà bíi mélòó kan. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí jẹnẹrétọ̀. Àjọ UNESCO kọ márùn-ún nínú wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2006, wọ́n sì sọ pé nǹkan bí 3,000 irú wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Oman.

Gbígbẹ́ ihò náà jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí rẹ̀ ló jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọkàn bá a lọ.

Níbi tí omi bá ti kọ́kọ́ yọ síta, omi mímu ni. Ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ onílé tàbí àlejò, olówó tàbí tálákà, lè pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọjá lọ sí mọ́sálásí fún àlùwàlá àti sí ibi ìwẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni yóò tó wọ oko. Inú oko ni ìpín ti bẹ̀rẹ̀, àkókò ni wọ́n sì fi ń pín in. Olóko kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí omi yóò fi máa ṣàn sí oko rẹ̀. Ìpín kan tí wọ́n ń pè ní athar jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí aago tó dé, òjìji igi tí a rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ àkókò lọ́sàn-án, ìràwọ̀ sì ni lóru.

Ọgbọ́n tó wà nínú pípín in ní àkókò hàn nígbà ọ̀dá. Bí omi bá dín kù sí ìdajì, àkókò olúkúlùkù kò yí padà, ṣùgbọ́n omi tó ń wọ oko gbogbo wọn ni yóò dín kù sí ìdajì. Kò sí ẹni tí yóò máa bomi rin oko yafuyafu nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ ń gbẹ. Bí ó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò fi ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ohun ọ̀gbìn olóṣù díẹ̀ sí sílẹ̀ láìgbìn, kí omi tó kù lè gba ẹ̀mí igi dàbínù là, nítorí igi tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà kò ṣeé fi ṣòfò lọ́dún kan.

Falaj tún ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Wakiil ni olórí, ariif ló ń mójú tó pípín omi, amiin ló ń tọ́jú owó àti ìwé. Owó wo ni wọ́n ń tọ́jú? Ibí yìí gan-an ló kan àwa tí à ń ṣe sàárà. Nínú àwọn ìpín omi náà, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ti falaj fúnra rẹ̀ ni. Wọn a máa lu ìpín yìí ní gbàǹjo fún olóko tó bá fẹ́ omi sí i, owó tó bá sì wọlé ni wọ́n fi ń kó iyanrìn kúrò nínú ihò, tí wọ́n fi ń tún ibi tó bá ya ṣe. Àwọn olóore mìíràn sì ti fi ìpín tiwọn ṣe wakf fún mọ́sálásí àti fún ilé-kéú. Nípa bẹ́ẹ̀, omi náà ló ń bọ́ ara rẹ̀. Kò dúró de ẹni tí yóò tún fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè.

A kò sọ pé kò sí ìṣòro. Láti ìgbà tí pọ́ǹpù oní-ẹ́ńjìnnì ti gbòde, àwọn kan ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ nítòsí, falaj mìíràn sì ti gbẹ nítorí rẹ̀. Nítorí èyí ni òfin hariim ṣe ṣe pàtàkì, èyí ni ààlà tó yí ìyá falaj ká tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbẹ́ kànga sí. Ó wà nínú fíkì Ìsìláàmù látayébáyé.

Odò tó jí padà ní Íńdíà

Àpẹẹrẹ kejì wá láti agbègbè Alwar ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ti Oman kọ́ wa ní pípín omi, ti Alwar yóò kọ́ wa ní dídá òjò dúró. Ní ọdún 1985, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rajendra Singh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Tarun Bharat Sangh dé ibẹ̀. Kànga ti gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ohun tí àwọn àgbà abúlé fi yé wọn ni pé kí wọ́n padà sí johad, èyí tí àwọn baba wọn ń ṣe tí àwọn ọmọ ti pa tì. Johad kò ju òkìtì amọ̀ lọ, tí wọ́n mọ bí oṣù tuntun sí ojú ọ̀nà àgbàrá. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò dúró lẹ́yìn òkìtì náà, yóò sì máa wọnú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí omi kànga tó wà nísàlẹ̀ yóò fi gòkè wá.

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló fi agbára wọn ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, abúlé kan sì ń rí ti èkejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1990, odò Arvari, tó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń ṣàn tẹ́lẹ̀, ti ń ṣàn yíká ọdún. Ṣùgbọ́n bí omi ti padà dé ni ìjà lè dé. Nítorí náà ní ọdún 1999, àwọn abúlé tó wà létí odò náà, nǹkan bí 70, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Arvari. Lára òfin wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin ohun tó ń mu omi púpọ̀ bí ìrèké. Rajendra Singh gba ẹ̀bùn omi ti Stockholm ní ọdún 2015.

Bí ilẹ̀ tiwa ṣe rí

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú méjèèjì ṣeé mú lò nílé, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn àti Òṣogbo, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta àti inú lílà àpáta ni omi máa ń wà. Ìdí nìyí tí bọ́họ́ọ̀lù ilé kan fi lè ní omi tí ti ilé kejì kò fi ní. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ láìjẹ́ kí onímọ̀ yẹ ilẹ̀ wò, tẹ́tẹ́ ló ń fi owó sàárà ta. Ní etí òkun Èkó, iyanrìn ni, omi sì wà nítòsí, àmọ́ bí a bá fà á jù, omi iyọ̀ òkun lè wọlé. Níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kí ó sì wà ní apá òkè rẹ̀.

Ohun tí a sì ní ju Oman lọ ni òjò. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí mílímítà òjò kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 sí 8 jẹ́ mítà 80 níbùú-lóròó. Bí òjò ọdún bá jẹ́ mílímítà 1,200, lítà 96,000 ló bọ́ sórí páànù náà. Kí á yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó dànù àti èyí tó kọ́kọ́ fọ eruku òrùlé, ó ṣẹ́ ku lítà 76,800. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní 3,000 ni. Lójú agbàrá ilé ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ.

Ìṣòro rẹ̀ ni ibi tí a óò kó o sí. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí olúkúlùkù ń lo lítà 20 lóòjọ́ nílò lítà 12,000 fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Opó tó ń tọ́ ọmọ márùn-ún kò lè ra táńkì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òrùlé mọ́sálásí tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ tóbi ju ti ilé rẹ̀ lọ, àdúgbò sì lè pawọ́ pọ̀ kọ́ àgbá omi sí abẹ́ ilẹ̀ fún un. Kí wọ́n bò ó dáadáa kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé kí wọ́n tó ṣí i sínú àgbá, kí wọ́n sì máa se èyí tí wọ́n bá fẹ́ mu. Kí á má gbàgbé pé ọmọ òrukàn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rán lómi nínú ilé tó gbà á sọ́dọ̀. Omi tó bá sún mọ́lé, ilé-kéú àti ilé-ìwé ni ó ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí.

Ohun tí ó yẹ kí olùtọrẹ béèrè

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ omi èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ wa tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún wọ̀nyí.

Ìkíní, àwọn wo ni alágbàtọ́ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ ọlọ́pọ̀ olówó, ebi ní ń pa á. Kí orúkọ èèyàn bíi márùn-ún sí méje wà nílẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ, kí obìnrin sì wà nínú wọn dáadáa, nítorí àwọn ló ń pọn omi, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ pé pọ́ǹpù ti ń dún lódìlódì.

Ìkejì, ta ló lè tún un ṣe nítòsí? Pọ́ǹpù Afridev, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980, jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí ará abúlé tí a kọ́ lè fi irinṣẹ́ díẹ̀ tú u, kí ó sì pààrọ̀ ohun tó bá jẹ. Ẹ̀rọ olówó iyebíye tó jẹ́ pé ìlú òkèèrè ni mẹkáníìkì rẹ̀ ń gbé, wàhálà ni.

Ìkẹta, níbo ni owó àtúnṣe yóò ti máa wá? Bí ogójì ilé bá ń dá igba náírà lóṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni, ó sì di 96,000 lọ́dún. Kí akápò máa ka ìwé rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn.

Ìkẹrin, kí ni òfin ìgbà ọ̀dá? Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni a ń jókòó ṣòfin omi. Kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan nígbà òjò lórí iye kẹ́ẹ̀gì tí ilé kan lè pọn lóòjọ́, àti pé omi mímu ni yóò ṣáájú ọkọ̀ fífọ̀ àti búlọ́ọ̀kù mímọ.

Ìkarùn-ún, ta ni kò ní san? Opó, aláàbọ̀ ara àti ilé tó ń tọ́ ọmọ òrukàn gbọ́dọ̀ pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí omi mímu falaj ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Sàká ni tàbí sàárà?

Àwọn ará wa kan máa ń bínú pé omi sàárà kò gbọdọ̀ gba owó. A mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìdáwó àdúgbò kì í ṣe owó omi. Owó ìtọ́jú ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àdúgbò dá kọ́bọ̀ rárá, kí ó ṣe bí àwọn ará Oman ti ṣe: kí ó fi ohun tó ń mówó wọlé ti kànga náà lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí a fi ṣe wakf, tí owó iyálé rẹ̀ yóò máa ra ohun èlò pọ́ǹpù. Bí owó yín kò bá tó kànga méjì àti ìtọ́jú wọn, ẹ gbẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ fi owó èkejì ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Kànga kan tó ń fúnni lómi fún ogún ọdún ṣàn lọ sínú ìwé iṣẹ́ rere ju mẹ́wàá tó dákẹ́ lẹ́yìn ọdún kejì lọ.

Ní ti sàká, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fíkì ló sọ pé ó gbọ́dọ̀ di ohun-ìní ẹni tó tọ́ sí nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Àlùkùránì dárúkọ. Kànga tí olówó àti tálákà jọ ń pọn kò bọ́ sínú èyí. Àwọn onímọ̀ kan láyé òde òní gbà á láàyè lábẹ́ ìsọ̀rí fii sabiilillaah, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ní iyèméjì ni kí á fi sàárà àti wakf ṣe kànga, kí sàká sì bọ́ sọ́wọ́ aláìní fúnra rẹ̀. Bí ó bá wá fi nínú rẹ̀ ra kẹ́ẹ̀gì, tàbí tó fi dá owó omi pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, owó rẹ̀ ni, iyì rẹ̀ sì ni.

Kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá lèmọ́mù àti àwọn alásàlátù àdúgbò yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo kànga tó ti dákẹ́ nítòsí yín kí ẹ tó ronú èyí tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó lè jẹ́ rọ́bà kékeré kan ló jẹ nínú rẹ̀, tí kò sí ẹni tí wọ́n yàn láti pààrọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí sàárà wa máa ṣàn fún wa láyé àti lẹ́yìn ikú wa, kí Ó sì má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wá ní ọjọ́ tí kò sí omi mìíràn àfi ti àánú Rẹ̀. Aamiin.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún ìgbìmọ̀ sàká àti ìtọ́jú ọmọ òrukàn.